Orí Igi Wo Ni Ó Wà? Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dá Kòkòrò Ajewé Mọ̀, láti Óákù dé Igi Òrí

Ní ọdún 1796, Mungo Park, ará Scotland, ń rìn kọjá ní ilẹ̀ àwọn Bambara nígbà tí ó bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ṣa èso igi òrí. Nígbà tí ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1799, ó ní láti ṣàpèjúwe igi náà fún àwọn tí kò ní fojú kàn án láéláé. Ó ní ó jọ igi óákù ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an, ó sì fi èso rẹ̀ wé ólífì ilẹ̀ Sípéènì. Ó yẹ kí a dúró ti àpèjúwe yìí díẹ̀, nítorí pé kò sí óákù kankan tí ó ń hù fúnra rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igi tí kò sí níhìn-ín ni wọ́n fi sọ èyí tí ó wà níhìn-ín di mímọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Àwa tí a kàwé lédè Faransé ní orílẹ̀-èdè Benin mọ óákù láti kékeré ní orúkọ chêne, nítorí pé igi inú ìtàn La Fontaine ni, ọmọ ilé-ìwé sì ń kọ́ ìtàn náà sórí. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá pàápàá kò rí orúkọ ìbílẹ̀ fún un. Wọ́n yá ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọ ọ́ ní óákù, wọ́n sì kọjá lọ.

Ìbéèrè kan ni iṣẹ́ yìí ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀: bí ènìyàn bá rí kòkòrò kan tí ó ń fà lórí ewé, tí kò tíì ní ìyẹ́, báwo ni ó ṣe ń mọ ohun tí ó jẹ́, ta sì ni ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Yúróòpù dáhùn ìbéèrè náà lórí ewé àwọn igi tirẹ̀, óákù sì wà lára wọn. Mo mú un wá sórí igi òrí, nítorí pé òun ni ó wà nínú oko ní agbègbè Savalou àti Bantè, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó gòkè lọ sí Bassila àti Djougou, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ pápá. Ìtàn orúkọ ni mo ń kọ, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ kò lè kọ ìtàn orúkọ.

Ẹsẹ̀ mélòó ni ó ní?

Ní Yúróòpù, ẹsẹ̀ ni wọ́n kà. Réaumur, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé tí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn kòkòrò jáde ní apá mẹ́fà láàárín 1734 àti 1742, ṣàkíyèsí pé àwọn ajewé tí ń di labalábá tàbí àfòpiná kì í ní ju ẹsẹ̀ 16 lọ: mẹ́fà tí ó le níwájú, lábẹ́ àyà, àti àwọn rírọ̀ tí kì í ju mẹ́wàá lọ lábẹ́ ikùn. Àwọn mìíràn wà lórí ewé kan náà tí wọ́n jọ wọ́n bí ìbejì, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn lé sí i, 18, 20, tàbí 22. Àwọn wọ̀nyí kì í di labalábá. Wọ́n ń di kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ mẹ́rin kan tí ó jẹ́ ìbátan oyin àti agbọ́n, tí abo rẹ̀ ní ohun kan bí ayùn nídìí, tí ó fi ń la ewé tàbí ọ̀mùnú kí ó tó yé ẹyin sínú rẹ̀. Réaumur pe irú ajewé yìí ní fausse chenille, bí ẹni pé 'ayédèrú ajewé'. Nínú iṣẹ́ yìí, mo ń pe ìyá rẹ̀ ní aláyùn.

Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé Réaumur fi àmì mìíràn kún un. Àwọn ẹsẹ̀ rírọ̀ ti ọmọ labalábá ní ìkọ́ kéékèèké tí ó fi ń di ewé mú. Ti ọmọ aláyùn kò ní. Ojú kan ṣoṣo ni ọmọ aláyùn ní ní ẹ̀gbẹ́ orí kọ̀ọ̀kan, ó dà bí àmì dúdú, nígbà tí ti ọmọ labalábá sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà tí wọ́n kéré púpọ̀. Lórí óákù gan-an, iṣẹ́ náà le sí i: ọmọ àwọn aláyùn kan tí wọ́n ń pè ní Caliroa ń bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú omi yíyọ̀ bí ìgbín tí kò ní ìkarahun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í fara hàn dáadáa. Kì í ṣe eré ọmọ ilé-ìwé ni kíka ẹsẹ̀ yìí. Oríṣi Bacillus thuringiensis kan wà tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ń fọ́n sára ewé. Ó ń pa ọmọ labalábá àti ti àfòpiná, kì í pa ọmọ aláyùn. Ẹni tí kò bá ka ẹsẹ̀ lè fọ́n oògùn títí, kí igi rẹ̀ sì wà ní ìhòòhò.

Ṣùgbọ́n kí a tó gbà pé ẹsẹ̀ nìkan ni Yúróòpù ń wò, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn orúkọ wọn. Chenille wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ajá kékeré. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ajewé wá láti inú èdè Faransé àtijọ́ ti apá àríwá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ológbò onírun. Ajá ní ìhà ìhín òkun, ológbò ní ìhà ọ̀hún: irun ara rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ rí, wọn kò ka ẹsẹ̀ kankan. Èyí tí ó wù mí jù ni ọ̀rọ̀ larva, tí Linnaeus yá láti inú Látìn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Iwin ni ó túmọ̀ sí níbẹ̀, ó sì tún túmọ̀ sí ohun tí a fi ń bo ojú. Lójú Linnaeus, agọ̀ ni ara ajewé, kòkòrò gidi wà nínú rẹ̀ tí kò tíì fojú hàn. Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí kò nílò àlàyé púpọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé lọ́dọ̀ tiwa, a kì í bèèrè ẹni tí ó wà lábẹ́ agọ̀ ní gbangba. Linnaeus àti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ kò fẹ́ mọ ohun mìíràn ju ìyẹn lọ: ẹni tí ó bá bọ́ agọ̀ sílẹ̀, tí ó na ìyẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kàn mọ́ pátákó, òun ni wọ́n sì ń sọ lórúkọ. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀, agọ̀ ni ó mọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kù nínú ìtàn yìí ti inú ìyàtọ̀ yẹn wá.

Kòkòrò nínú ìwé atúmọ̀-èdè

Láti ìgbà tí Crowther ti tẹ àkójọ-ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843, títí dé atúmọ̀-èdè ìjọ CMS ti 1913, dé ti Abraham ní 1958, àti ti Sachnine ní Yorùbá sí Faransé ní 1997, ọ̀rọ̀ tí ó ń ru ẹrù jù nínú ọ̀ràn yìí ni kòkòrò. Kòkòrò ni èyí tí ń fò, òun ni èyí tí ń fà; a fi kún un, ó di kòkòrò àrùn, èyí tí ojú kò lè rí. Ìdin wà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdin sún mọ́ ohun tí ó ń jẹrà, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ ta ajewé lọ́jà yóò pè é ní ìdin. Wòlíì Jóẹ́lì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, to orúkọ mẹ́rin sílẹ̀ lédè Hébérù fún àwọn tí wọ́n jẹ oko run, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹni tí ó bá ṣí ẹsẹ ibẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́ yóò rí i pé eṣú rí orúkọ tirẹ̀ gbà, kòkòrò sì ni ó gbé ìyókù rù. A kò lè bá àwọn atúmọ̀ wí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Hébérù náà ṣì ń jiyàn lórí àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní orúkọ. Ìrẹ̀ wà, tata wà, ìkán wà, agbọ́n wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwà rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ewéko rí akọ̀wé, kòkòrò kò rí. Ní 1937, Dalziel tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí àwọn ewéko tó wúlò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì kó orúkọ wọn jọ láti inú èdè púpọ̀, Yorùbá wà lára wọn. Ní 1995, Pierre Verger, tí ó ti gba Ifá ní Kétou ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú, tẹ Ewé jáde ní Brazil. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orúkọ Látìn tí ewé kan ń jẹ́ ní ibi tí yóò wò. Ẹni tí ó bá mú ajewé kan dání láti oko kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe wà káàkiri nínú àwọn ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kòkòrò, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í sí, àti nínú ti àwọn oníṣègùn, tí òun kò mọ̀ pé ó kan òun.

Orí igi wo?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápá ní Bantè, mo ń gbé àwòrán hàn, mo sì ń bèèrè orúkọ. Ohun tí ó sábà máa ń padà wá ni ìbéèrè mìíràn: orí igi wo ni ó wà? Lẹ́yìn náà, ìgbà wo nínú òjò? Àwòrán tí a gé kúrò lára igi rẹ̀, tí kò ní oṣù, kò sọ nǹkan fún wọn, gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn kan tí a yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ kì í ti í sọ púpọ̀ fún wa nínú kíláàsì. Ọ̀nà ìdámọ̀ tí ó péye ni èyí, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ajewé kì í jẹ ju igi kan tàbí méjì lọ, nítorí náà ẹni tí ó mọ igi ti yọ èyí tí ó pọ̀ jù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó wo ara kòkòrò rárá.

Òwe wa náà mọ̀ ọ́n. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé: ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni a ń fi í sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ nípa kòkòrò wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń sọ kòkòrò inú obì lórúkọ: Balanogastris kolae, kolae, ti obì. Balanos tí ó wà níbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà sì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń pe èso óákù. Óákù tún ti wọlé.

Ní ilẹ̀ àwọn Bambara àti àwọn Dioula, níbi tí Park ti kọjá, ajewé tí ó wà lórí igi òrí ń jẹ́ orúkọ kan tí àwọn ìwé Faransé ń kọ ní chitoumou. Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀: si, igi òrí, àti tumu, ajewé. Nígbà òjò ni ó ń jáde. Àfòpiná ńlá kan ni ó ń yé ẹyin rẹ̀ ní ìdìpọ̀ sára igi. Àwọn ọmọ á jẹ ewé, wọ́n á dàgbà, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ wọ inú ilẹ̀, wọ́n á sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn láìjẹ láìmu, títí òjò ọdún tó ń bọ̀. Ìran kan ṣoṣo ni lọ́dún. Ìgbà tí wọ́n bá dàgbà tán ni àwọn obìnrin àti ọmọdé ń kó wọn. Wọ́n á bọ̀ wọ́n, wọ́n á sá wọn sóòrùn, wọ́n á sì gbé wọn lọ sọ́jà. Ní ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí àwọn Yorùbá ti ń jẹ ẹ́, orúkọ tí àwọn ìwé kọ fún un ni kanni. Àwọn ìwé mìíràn kọ munimuni tàbí monimoni.

Mo fi àwọn orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n, láìsí àmì ohùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí a bá ka kanni sí sílébù méjì, tí èyí àkọ́kọ́ ní fáwẹ̀lì àránmúpè, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni ohùn mẹ́ta wa lè gbà tò sórí rẹ̀. Bí a bá kà á sí sílébù mẹ́ta, tí n àárín jẹ́ kọ́ńsónáǹtì aṣesílébù, ó di 27. Ìwé tí ó sọ iye ọ̀rá àti iye ohun amáradàgbà tí ó wà nínú kòkòrò náà títí dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kò sọ bí a ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Àwọn ìwé ewéko náà ń ṣe irú rẹ̀, wọ́n ń tẹ orúkọ igi òrí ní emi, bí ẹni pé igi náà ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀.

Ekuku

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé orúkọ ohun tí a ń jẹ lásán ni a ń jà lé lórí. Ìtàn ajewé kejì dá a lóhùn.

Anaphe ni orúkọ àwọn àfòpiná kan tí àwọn ọmọ wọn ń gbé pọ̀, tí wọ́n sì ń hun ilé kan ṣoṣo fún ara wọn, aláwọ̀ ilẹ̀, lórí igi. Láti inú ilé yẹn ni a ti ń rí òwú tí a fi ń hun sányán. Gbogbo Yorùbá mọ sányán, aṣọ ìnáwó ni; ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ hun ún. Nínú àwọn Anaphe ni Anaphe venata wà, tí ó ń jẹ ewé igi arère, tí àwọn Yorùbá nínú igbó ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sì ń jẹ. Orúkọ tí ìwé kọ fún un ni ekuku, òun náà láìsí àmì ohùn, a kò tilẹ̀ lè mọ̀ láti ojú ìwé bóyá e ni tàbí ẹ.

Ní 1958, oníṣègùn méjì, Wright àti Morley, kọ̀wé sínú Lancet nípa àìsàn kan ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó máa ń dé lójijì, nígbà òjò. Ara aláìsàn á máa gbọ̀n, kò ní lè rìn tààrà, ọkàn àwọn mìíràn á sì dàrú. Wọ́n pè é ní àìsàn tí ó jọ ti ọpọlọ wíwú. Bí òjò ti ń padà wá lọ́dọọdún ni àìsàn náà ń padà wá. Ní 1993, nínú Lancet kan náà, Adamolekun so ó pọ̀ mọ́ jíjẹ Anaphe venata. Ní 2000, Nishimune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun kan wà nínú Anaphe tí ó ń ba thiamine jẹ́, èyíinì ni fítámì B1, tí iná kì í sì í tètè pa agbára rẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ kìkì èyí tí ó kún fún sítáàṣì, tí thiamine ara rẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó wá jẹ ekuku lé e, òun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e mọ́. Thiamine náà ni ìtọ́jú rẹ̀.

Láti 1958 sí 1993 jẹ́ ọdún 35. N kò sọ pé àwọn oníṣègùn kò ṣiṣẹ́. Ohun tí ó fara jọ àìsàn yìí pọ̀, wíwá ohun tí ó fà á kò sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn gbangba sí ẹni tí ń kọ ìtàn ọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, orúkọ kòkòrò náà wà lẹ́nu àwọn tí ń jẹ ẹ́, ní ọdún àti ní oṣù tí ó tọ́. Nínú àwọn ìwé atúmọ̀-èdè tí oníṣègùn lè gbé sórí tábìlì, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè lọ láti orúkọ yẹn dé orí igi arère, kí ó sì ti ibẹ̀ dé Anaphe venata. Lójú ìwé, aláìsàn tí ó bá sọ pé òun jẹ kòkòrò ti sọ ohun gbogbo, kò sì tíì sọ nǹkan kan.

Ó yẹ kí n fi èyí kún un kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: ìdílé ọ̀tọ̀ ni kanni àti ekuku nínú ètò àwọn àfòpiná, igi ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹ, ohun tí a sọ nípa ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Ìdí gan-an nìyẹn tí ìbéèrè àwọn ará Bantè fi ṣe pàtàkì. Nínú Faransé tí a fi kọ́ wa, chenille ni àwọn méjèèjì. Nínú Yorùbá inú ìwé, kòkòrò ni àwọn méjèèjì. Igi ni ó yà wọ́n.

Orúkọ Látìn méjì

Bantè àti Ìlọrin fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà bí a bá fi òṣùwọ̀n wọn láti ìlà agbedeméjì ayé, ní nǹkan bí ìwọ̀n 8½ sí ìhà àríwá. Ẹ̀ka-èdè tí ìwé ń pè ní Ede Ica, tí wọ́n ń sọ ní Bantè, wà nínú àkójọ kan náà pẹ̀lú Yorùbá Ìlọrin, bí a bá tẹ̀ lé ètò tí Capo gbé kalẹ̀ ní 1989. Igi òrí wà ní ibi méjèèjì. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá mú ajewé orí igi òrí, tí ọ̀kan gbé e lọ sí yunifásítì ìlú Ìlọrin, tí èkejì sì gbé e lọ sí Abomey-Calavi, ìwé tí wọ́n máa kà yóò fún wọn ní orúkọ méjì.

Ti àkọ́kọ́ ni Cirina forda. Westwood, onímọ̀ kòkòrò ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fún un ní forda ní 1849, nínú iṣẹ́ kan lórí àwọn àfòpiná ńlá ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹranko ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ jáde. Inú iṣẹ́ kan náà ni ó ti sọ àfòpiná tí ń bí ajewé mopane lórúkọ, èyí tí gúúsù Áfíríkà ń jẹ títí di òní. Àfòpiná tí ó ti na ìyẹ́ ni Westwood ń wò. Ẹni tí ó jáde láti inú agọ̀ ni ó sọ lórúkọ. Orúkọ yìí ni àwọn onímọ̀ tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà tẹ̀ lé: òun ni Fasoranti àti Ajiboye lò nígbà tí wọ́n kọ nípa àwọn kòkòrò tí a ń jẹ ní ìpínlẹ̀ Kwara ní 1993, òun náà ni Ande àti Fasoranti lò ní 1998 nígbà tí wọ́n kọ nípa ìgbé-ayé ajewé náà.

Orúkọ kejì ni Cirina butyrospermi. Vuillet, ará Faransé, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1911. Butyrospermum ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe igi òrí nígbà náà, 'hóró bọ́tà'. Nítorí náà, ohun tí Vuillet ṣe ní Látìn ni ohun tí àwọn Dioula ti ṣe ní si-tumu: ajewé igi òrí. Àwọn ìwé Mali, Burkina Faso àti Benin tẹ̀ lé e.

Ìyàtọ̀ yìí ní ìdí gidi nínú sáyẹ́ǹsì. Ní gúúsù Áfíríkà, igi Burkea africana ni Cirina forda ń jẹ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, orí igi òrí ni a ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó sọ pé ẹ̀yà méjì ni ní ohun tí wọ́n dì mú, àríyànjiyàn náà sì wà láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn ni. Ohun tí n kò lè gbà ni pé kòkòrò náà ń pààrọ̀ ẹ̀yà ní ẹnubodè. Àdéhùn tí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 1898 parí pípín àwọn oko igi òrí sí ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ka èdè tirẹ̀, ilé-ìkàwé kọ̀ọ̀kan ra ìwé tirẹ̀, orúkọ Látìn sì tẹ̀ lé èdè tí wọ́n fi ṣe àlàyé rẹ̀. A máa ń sọ pé Látìn ni èdè tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Níbí, Látìn méjì ni ó wà, ọ̀kan gba ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì, èkejì gba ti Faransé. Orúkọ àwọn ará oko ni kò gba ìwé ìrìnnà rárá, òun náà ni ẹnikẹ́ni kò fi àmì sí lórí.

Ní Savalou, iṣẹ́ náà tún gba ọ̀nà mìíràn, nítorí pé Maxi ni èdè tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni kan náà sì lè ní orúkọ méjì fún ajewé kan, ọ̀kan nínú Maxi, ọ̀kan nínú Ica, kí ó máa lo èyí tí ó bá ẹni tí ń rà mu. Nínú ìwé ìbéèrè tí mo ń lò báyìí, ìlà mẹ́rin ni ó wà ṣáájú ìlà orúkọ: igi, oṣù, ibi tí ó ń lọ nígbà tí ó bá dàgbà tán (inú ilẹ̀, abẹ́ èèpo igi, tàbí inú ilé tí ó hun), àti bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń hun ún, tàbí wọ́n ń sá fún un. Lẹ́yìn náà ni orúkọ, tí a gbà sílẹ̀ lóhùn kí a tó kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn, ní álífábẹ́ẹ̀tì ti Benin tí ó ní ɛ àti ɔ, àti ní àkọtọ́ tí mo ń lò níhìn-ín. Mo ti fi ìlà ẹsẹ̀ kún un pẹ̀lú, nítorí Réaumur. Bí ó bá ju 16 lọ, a ti rí ọmọ aláyùn, a ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Ohun kan kù nípa orúkọ Vuillet. Butyrospermum kì í ṣe orúkọ igi òrí mọ́. Orúkọ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni òfin àwọn onímọ̀ ewéko gbé lékè, Vitellaria paradoxa, tí Gaertner ọmọ tẹ̀ jáde ní 1807, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí ìwé Park jáde. Ṣùgbọ́n òfin àwọn onímọ̀ ẹranko yàtọ̀ sí ti ewéko, kì í sì í jẹ́ kí a pààrọ̀ orúkọ kòkòrò nítorí pé igi tí ó ń jẹ ti pààrọ̀ orúkọ. Nítorí náà, ajewé náà ṣì ń jẹ́ butyrospermi, ó ń jẹ́ orúkọ igi tí igi náà ti fi sílẹ̀. Si-tumu ní tirẹ̀ kò yí padà.